Ìkà Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tún Ayé Òkùnkùn Inú Eré Àtijọ́ Ṣe

Ọjà ẹrú ni mo ń júwe lọ́wọ́. Alẹ́ Sátidé kan ni, nílé mi ní Bódìjà. Àwa márùn-ún la yí tábìlì ká, ẹ̀pà àti gúgúrú wà láàárín, dáìsì wà níwájú oníkálukú. Mo ń sọ ọ́ bí ìwé àtijọ́ ṣe fẹ́ kí á sọ ọ́: oòrùn pupa, iyanrìn gbígbóná, oníṣòwò kan tó ń la ẹnu èèyàn wò bí ẹni ń yẹ eyín ẹṣin wò. Mo ń gbádùn ohùn ara mi. Nígbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tó ń bá wa ṣeré ti dákẹ́ tipẹ́, ó sì ti fi ìka lé káàdì kékeré tí a kọ X sí, èyí tí a máa ń gbé sáàárín tábìlì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fo ibí yìí.”

A fò ó. Nígbà tí eré parí, tó ń bá mi kó abọ́ wọlé, ó sọ fún mi pé ọmọ Àgùdà ni bàbá tó bí ìyá òun, ní Èkó. Ìyá àgbà bàbá yẹn ni wọ́n tà lọ sí Bahia, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí ọkọ̀ wọ̀ padà wálé. Ọ̀rọ̀ eyín tí mo ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìtàn mi, inú ilé wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti jókòó ti àwọn ìwé eré mi, tí mo ń tún wọn ṣe lójú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò bá tíì bá irú rẹ̀ pàdé. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ni olùdarí. Òun ló ń pa ìtàn, òun ló ń gbẹnu sọ fún ọba, fún ọlọ́jà, fún ẹranko igbó. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí kò bá dájú, bóyá okùn máa já, bóyá ọfà máa bà, dáìsì ló ń sọ ọ́. Ó jọ àlọ́, àfi pé ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ kì í kàn gbe orin níbí. Òun ló ń sọ ọ̀nà tí Ìjàpá máa gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa ta ìwé tí odindi ayé kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀, ìlú, ọba, ẹ̀yà àti òrìṣà, kí olùdarí má baà máa dá gbogbo rẹ̀ rò. Ayé eré ni mo máa pe irú èyí.

Nínú gbogbo ayé eré tí mo ti wọ̀, Dark Sun ni ọkàn mi fà sí jù. 1991 ni ilé-iṣẹ́ TSR gbé e jáde. Timothy Brown àti Troy Denning ló kọ ọ́, Brom ló ya àwòrán rẹ̀. Athas ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà, aṣálẹ̀ sì ni. Omi ṣọ̀wọ́n, irin pàápàá ṣọ̀wọ́n, débi pé egungun àti òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà. Ilẹ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn oṣó ló bà á jẹ́, nítorí inú ewéko ni agbára oṣó ti ń wá ní Athas. Ẹni tó bá ń kánjú yóò fa ẹ̀mí inú koríko àti igi tán, eérú ni yóò kù nílẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe tirẹ̀ láìpa ilẹ̀ lára, ṣùgbọ́n nínú òfin eré àtijọ́ náà, abalẹ̀jẹ́ ló ń tètè lágbára ju onísùúrù lọ. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gidigidi. Kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ìdánwò síwájú rẹ, ó ń wo ohun tí o máa ṣe. Ọmọ Ìlàjẹ tó ti rí odò tí epo rọ̀bì bò mọ́lẹ̀ kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn ọba oṣó ló jẹ gàba lé àwọn ìlú tó ṣẹ́kù, ẹrú ló sì ń ru gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nínú ìwé àtijọ́, ẹrú dà bí àga àti ìkòkò inú ilé: wọ́n gbé e síbẹ̀ kí ibẹ̀ lè jọ ibi líle. Ẹ̀dá kan wà tí wọ́n ń pè ní mul, ọmọ tí èèyàn àti aràrá bí, tí àwọn olówó ẹrú ń mú kí wọ́n bí nítorí iṣẹ́ àṣekú àti nítorí ìjà tí èrò ń wò ní gbàgede. Mul kì í bímọ. Ìwé náà to agbára apá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣeré, ó sì kọjá lọ. Ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dúró lé lórí. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní elf ní ilẹ̀ náà, olè àti ẹlẹ́tàn ni gbogbo wọn. Ẹ̀yà mìíràn, àwọn halfling, ajẹ̀nìyàn ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ “gbogbo” yìí gan-an ni kí ẹni tó bá fẹ́ tún ayé eré ṣe kọ́kọ́ wá kiri.

Ìlú kan sì wà níbẹ̀ tó gún mi lọ́kàn, Gulg ni orúkọ rẹ̀. Inú igbó ló wà, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní mopti ni wọ́n gbìn yí i ká dípò odi. Obìnrin ló ń jọba níbẹ̀, Lalali-Puy, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń sìn bí òrìṣà igbó. Àwọn jagunjagun rẹ̀, judaga, a máa gé orí ọ̀tá. Oyè tí wọ́n fi ń pe ayaba oṣó yìí ni “oba”. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí àwa àti àwọn ará Ẹdó jọ ní, wọ́n yọ ọ́ nínú ilé rẹ̀ láìsí àmì nísàlẹ̀, wọ́n gbé e lé orí ẹni tó ń gbé láàárín ẹ̀ka igi, tí àwọn agẹ̀nìyàn-lórí ń ṣọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní ọmọdé, inú mi dùn pé mo rí ọ̀rọ̀ ilé wa nínú ìwé òyìnbó. Ọdún mélòó kan kọjá kí n tó mọ̀ pé inú mi kò yẹ kó dùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní kí á kúkú pa irú ayé bẹ́ẹ̀ tì. Ìwé ńlá tí wọ́n ṣe fún Dark Sun ní 2010 ti pẹ́, ní 2023 sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà báyìí sọ ní gbangba pé àwọn ìṣòro inú rẹ̀ ló fà á tí àwọn kò tíì padà síbẹ̀. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù yé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé sísá ni ọ̀nà. Àwa kì í sá fún ìtàn tó dúdú. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ó jáde ní 1938, ẹ̀rù tó wà nínú igbó yẹn kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló ń kà á. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣóogùn ní 1821, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó rí sílẹ̀. Òkùnkùn kọ́ ni àṣìṣe. Àṣìṣe ni kí ìkà wà nínú ìtàn, kó máà ní ẹni tó ṣe é. Kó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà kan ló ti ń sun jáde bí omi ìsun. Àti pé kí ẹni tí wọ́n ṣe é sí máà ní orúkọ, kó máà ní iṣẹ́, kó máà ní ọwọ́ tó lè fi ṣe nǹkan.

Ravenloft, ayé eré mìíràn, ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé a lè tún un ṣe láìpa adùn rẹ̀. Tracy àti Laura Hickman ló kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1983: Strahd, ìjòyè kan tó di amùjẹ̀, àti Barovia, ilẹ̀ rẹ̀ tí ìkùukùu bò. Àwọn alárìnká kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n padà wá ń pè ní Vistani. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn Roma ní Yúróòpù mọ ojú tí wọ́n fi ya wọ́n: awoṣẹ́, agégùn-ún, ọ̀mùtí, amí Strahd. Àwọn Roma yìí ni ìjọba Nazi pa lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nígbà ogun àgbáyé kejì, nítorí pé wọ́n ní ìwà ọ̀daràn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà eré ṣíṣe nìkan kọ́. Ìwé Curse of Strahd tó jáde ní 2016 ṣì gbé àwòrán náà. Ní oṣù kẹfà 2020 ni ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast, tó ni eré náà báyìí, jẹ́wọ́ pé àwọn ṣì í, wọ́n ní àwọn ti wá ọmọ Roma kan kó bá àwọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì yí àwọn ọ̀rọ̀ kan padà nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Van Richten's Guide to Ravenloft tẹ̀ lé e ní 2021. Nínú rẹ̀, Vistani kan lè jẹ́ èèyàn rere, òmíràn lè jẹ́ èèyàn burúkú, bí ti ilé gbogbo.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí Strahd? Wọn ò dín in kù rárá. Ó ṣì ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ṣì ń sé odindi ilẹ̀ mọ́lé nítorí ìfẹ́ tí kò ní í sú u. Ìkà rẹ̀ tilẹ̀ wá hàn kedere sí i, nítorí kò sí ẹ̀yà kankan tí a lè di ẹrù rẹ̀ lé lórí mọ́. Ohun kan tún wà tó kéré ṣùgbọ́n tó wú mi lórí. Ọdẹ obìnrin kan wà nínú ìtàn náà, Ezmerelda, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ àtọwọ́dá. Ìwé 2016 sọ pé ó máa ń gbìyànjú láti fi í pamọ́. Ìtẹ̀jáde tuntun yọ ìtìjú yẹn kúrò. Gbólóhùn bíi mélòó kan ni, ṣùgbọ́n mo mọ arákùnrin kan tó ń fi igi rìn, tó ń bá wa ṣeré, ìyàtọ̀ náà kò kéré lójú tirẹ̀.

Títún nǹkan ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ nìkan ṣá. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé ayé eré Spelljammer tuntun jáde, wọ́n wá kọ ìtàn ìṣẹ̀dá tuntun fún àwọn hadozee, ẹ̀dá tó jọ ọ̀bọ: oṣó kan kó wọn, ó sọ wọ́n di olóye kó lè tà wọ́n bí ọmọ ogun, àwọn ọmọ iṣẹ́ oṣó náà ló ràn wọ́n lọ́wọ́ tí wọ́n fi bọ́. Ariwo ta, wọ́n tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọ́. Ohun tó bí mi nínú jù níbẹ̀ ni ti ìbọ́ náà. Wọ́n kọ ìtàn ẹrú, wọ́n fún ọ̀gá ní orúkọ iṣẹ́, wọ́n fún àwọn ọmọ ọ̀gá ní àánú, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan gbà ju pé wọ́n gbà wọ́n.

Ojú yìí ni mo fi padà sí Freedom, ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún Dark Sun ní 1991. Ìlú Tyr ló ti ṣẹlẹ̀. Kalak, ọba oṣó, ń kọ́ ilé gogoro oní-àtẹ̀gùn kan, ó sì ń wá ọwọ́ tó máa gbé bíríkì. Bí ìwé ṣe to ìtàn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ mú àwọn tó ń ṣeré lẹ́rú níbẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n gbọ́n tó. Ní ìparí, Kalak fẹ́ fa ẹ̀mí gbogbo èrò tó wá wòran ní gbàgede. Àwọn ẹ̀dá inú ìwé ìtàn Troy Denning ló pa á, àwọn tó jókòó sí tábìlì ń sá kiri nínú èrò. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn: wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni tí kò fún wọn láyè, wọ́n sì gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ ẹni tó jìyà fún un.

Ohun tí mo ṣe rèé. Kí á tó bẹ̀rẹ̀, mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, “Níbo lo fẹ́ wà ní Tyr lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ ilé yìí?” Méjì sọ pé inú ẹrú ni àwọn fẹ́ wà, torí pé àwọn fẹ́ fọ́ ọ láti inú. Àbúrò mi ọmọ Àgùdà ní òun ò fẹ́. Ó ní amọ̀kòkò lòun máa jẹ́, tí a ń fi àwọn tó bá sá lọ pamọ́ sínú ilé ìkòkò rẹ̀. Ìkẹrin ní ọmọ ìránṣẹ́ ọba lòun, ọ̀kan nínú àwọn tó dà bí ìlàrí fún Kalak, tí ẹ̀rí-ọkàn ti ń yọ lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó, mo fún ogún èèyàn nínú ọgbà ẹrú ní orúkọ. Mo kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó kó wọn, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ẹni tí wọn kì í bá sọ̀rọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ọ̀kan, ó sì ń fi ẹ̀rín pa ìtìjú mọ́ra torí pé kò sí irin tó máa rọ. Mul kan wà níbẹ̀ tó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, tó ń pè é ní àràárọ̀ kó tó gbé bíríkì àkọ́kọ́. Mi ò tún júwe pàṣán mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ti tó. Ìyẹn bà wọ́n lẹ́rù ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fi ẹnu ta sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní gbàgede, ọwọ́ wọn ni ọ̀kọ̀ tó máa pa Kalak wà.

Ṣùgbọ́n Gulg ni iṣẹ́ wà jù. Ìgbà tí mo sọ fún wọn pé “oba” ló ń jọba níbẹ̀, tí mo sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ọba, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ọba wo ni kò ní ìgbìmọ̀? Ta ló fi í jẹ?” Ìbéèrè yẹn ṣí ìlẹ̀kùn tí ìwé náà kò mọ̀ pé òun ní. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé Aláàfin kò dá ìlú ní. Ọ̀yọ́ Mèsì wà, àwọn méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Láyé àtijọ́, nígbà tí ìwà Aláàfin bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin àyékòótọ́ ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ ohun tó kù tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọba tí kò ní ẹni tó lè gbé igbá fún un, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Kí ló ṣe sí àwọn méje?

Mo dáhùn rẹ̀ báyìí. Gulg ní ìdílé méje nígbà kan rí, tí wọ́n ń fi ọba jẹ, tí wọ́n sì lè rọ̀ ọ́ lóyè. Ní òru ọjọ́ kan, Lalali-Puy sọ àwọn àgbà méje di igi. Mopti tó yí ìlú ká, ara wọn ló ti hù. Ẹ̀gún tí àwọn ará ìlú rò pé ó ń dáàbò bò wọ́n, àwọn tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọba ni. Àwọn judaga kì í ṣe agẹ̀nìyàn-lórí láti ìṣẹ̀dá. Ẹ̀ṣọ́ ìgbìmọ̀ ni wọ́n. Orí àkọ́kọ́ tí ọba ní kí wọ́n gé, orí arákùnrin wọn ni, kí wọ́n má baà lè padà sínú májẹ̀mú àtijọ́ mọ́. Báyìí, ẹ̀rù ṣì wà ní Gulg, mo tilẹ̀ rò pé ó ju ti 1991 lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ni ín, a sì mọ òru tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ Gulg di Ọ̀yọ́ o. Orúkọ wọn ni wọ́n ń jẹ́, igbó wọn ni wọ́n ń gbé, mi ò kó Ṣàngó lọ bá wọn. Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ “ọba” nìkan ni mo dá padà sínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo bá halfling àti elf ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ní kúkúrú. Ìlú halfling kan ń jẹ èèyàn torí ẹ̀jẹ́ tí baálẹ̀ kan jẹ́ ní ọdún ìyàn. Ìlú kejì sá kúrò lọ́dọ̀ wọn torí rẹ̀. Elf ń ṣòwò, àwọn kan ń jalè. Ó parí.

Ti tábìlì fúnra rẹ̀ kò le tó bí àwọn kan ṣe ń rò. A máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣáájú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, láìmú dáìsì dání. Ìwé Tasha's Cauldron of Everything ti 2020 pàápàá gba àwọn olùdarí níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe é. Níbẹ̀ ni a ti ń béèrè ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìtàn rárá, àti ohun tó lè wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n tí a óò fa aṣọ bò. Ron Edwards ló fún ọ̀nà méjèèjì yìí lórúkọ, ìlà àti ìbòjú. Ìfipábánilòpọ̀ jẹ́ ìlà ní tábìlì wa, a ò jiyàn lé e lórí. Pípa ọmọdé wà lẹ́yìn ìbòjú. Káàdì X, John Stavropoulos ló dá a sílẹ̀: ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Mo ti gbọ́ àwọn tó ní irú èyí máa ń sọ ìtàn di ẹ̀kọ mímu. Ní tèmi, òdìkejì ni mo rí. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀ pé mi ò ní bá wọn lójijì, wọ́n tẹ̀ lé mi wọ ibi tó dúdú ju èyí tí mo ti ń tì wọ́n sí tẹ́lẹ̀ lọ.

Òǹgbẹ ṣì wà nínú Athas mi, àwọn tó ń ṣeré ṣì ń kú, abalẹ̀jẹ́ ṣì ń yára lágbára ju onísùúrù lọ. Mi ò fọwọ́ kan ìyẹn.

Sátidé tó kọjá, wọ́n dé Gulg. Amọ̀kòkò wa, àbúrò tó fi ìka lé káàdì lọ́jọ́sí, ń yẹ amọ̀ wò lábẹ́ igi mopti kan. Ó ní kí dáìsì sọ fún òun bóyá nǹkan kan wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ju ú, mọ́kàndínlógún. Mo ní igbá kan ni, ó ti gbó, ó sì ṣófo, gbòǹgbò igi náà dì í mú bí ọwọ́. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n yọ́ gbé e wọ ààfin lóru. Amọ̀kòkò wa mi orí.

“Rárá o. Ọ̀sán gangan la máa gbé e fún un, lójú ọjà.”

Ó ti ń to orúkọ àwọn tí wọ́n máa jọ gbé e sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, mul tó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ ló sì kọ síwájú.